Ta Ló Mu Ọtí Àna?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yí mi ká, ẹ sún mọ́ra. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá, nítorí mi ò fẹ́ kí ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni jóná nítorí ẹnu mi. Ìtàn ọtí ni mo gbé bọ̀ lónìí, ọtí tó pòórá ní Kàdúná lọ́sàn-án gangan, níṣojú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí kò sẹ́ni tó rí ẹni tó gbé e. Obìnrin tó tọpa rẹ̀ títí tó fi rí i, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò fi ọtí kan ètè rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nílé Gbádégẹṣin tó ń kan àga àti pósí ní Sabon Tasha. Wọ́n ń ṣe ìdána Tiwalọlá, àkọ́bí rẹ̀. Àwọn àna ti Zonkwa wá, ọgọ́rùn-ún géérégé. Ẹni tó bá sì mọ àwọn ará apá ibẹ̀ mọ̀ pé ìnáwó tí kò bá sí búrúkútù, ìpàdé lásán ni. Ọtí ọkà bàbà ni búrúkútù. Ó ki bí ògì, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì máa ń hó nínú kẹ́ẹ̀gì bí ẹni tí wọ́n ń bá jà. Kẹ́ẹ̀gì méjìlá ni bàbá ìyàwó rà sílẹ̀.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Oòrùn kò tíì yẹ̀ lórí nígbà tí igbá ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í padà lófo. Àgbà tó ṣáájú àwọn àna wo inú igbá tirẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì, ó dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tètè máa lọ, ọ̀nà jìn. Kò bínú, kò sọ̀rọ̀ òdì. Ìyẹn gan-an ló dun Gbádégẹṣin jù. Ẹni tó bú ọ ti sọ tinú rẹ̀ tán; ẹni tó dojú igbá délẹ̀ fún ọ, ó di ọ̀nà Zonkwa kó tó sọ tirẹ̀.

Ìgbéyàwó gan-an sì ku ọjọ́ méje péré.

*

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pe Alhaja Rasheedah. Òun ni ẹ̀gbọ́n Maimunah, ìyàwó Gbádégẹṣin. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, Badarawa ní Kàdúná ni wọ́n bí wọn sí, mùsùlùmí sì ni wọ́n. Gbádégẹṣin ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Nínú ilé yẹn, wọ́n ń jẹ ẹran Iléyá, wọ́n ń jẹ ìrẹsì Kérésì, ẹnì kan kì í bi ẹnì kejì nídìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Alhaja fi ṣe ọlọ́pàá, ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin kúkúrú ni, kò ga ju ilẹ̀kùn àgò adìẹ lọ, bí àwọn ọ̀daràn ìgbà náà ti máa ń wí. Kúlíkúlí kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Bó bá ń ronú, yóò máa run ún lẹ́nu wóróworo. Bí ìró náà bá dákẹ́, ẹni tó bá lẹ́bi kó yáa jẹ́wọ́.

Ọládiméjì, àbúrò Gbádégẹṣin, tíṣà ìṣirò ní Ungwan Boro, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló ṣírò ọtí náà, ojú sì ń tì í bí ẹni tó ṣí aṣọ sílẹ̀ lọ́jà. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ níwájú Alhaja.

“Kẹ́ẹ̀gì kan, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kẹ́ẹ̀gì méjìlá, ọ̀ọ́dúnrún lítà. Igbá kan, lítà kan. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn, igbá mẹ́ta-mẹ́ta. Ó parí síbẹ̀, Alhaja. Ìṣirò kì í purọ́.”

“Ìṣirò kì í purọ́,” ni Alhaja wí, “ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣọ́lé.”

Ó bi í léèrè iye igbá tó dé ọwọ́ àwọn àna. Ọládiméjì ní àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri fún igbá kọ̀ọ̀kan, òun sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta: òjìlérúgba ó lé méjìlá. Igbá méjìdínláàádọ́ta ti di àwátì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn wọ́n wọra. Bí ẹnì kan bá jí ọtí náà, a jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì méjìlá tó, ká ṣáà ti mú olè. Bí kò bá sí olè, a jẹ́ pé àwọn àna lágbára ju bí a ti rò lọ, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìndínlógún ni kí wọ́n rà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ra mẹ́rìndínlógún tí olè ṣì wà nínú ilé ńkọ́? Gbádégẹṣin ní òun kò lè dojú kọ igbá ìdojúdé lẹ́ẹ̀kejì, kí òun kúkú kó sínú pósí tí òun ń kàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pe Alhaja fún gan-an kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òun ló fà á jáde.

“Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí lọ́wọ́?”

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Maimunah ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “Dáúdà ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Dáúdà ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn, oníṣòwò epo pupa. A kì í fi ológbò ṣọ́ ẹja, ni wọ́n ṣe ní kí ẹni tí kì í mu ún máa ṣọ́ ọtí. Òun nìkan ló wà nínú yàrá náà, òun ló ń da kẹ́ẹ̀gì sínú ọpọ́n, tí àwọn ọmọbìnrin ń bù ú jáde. Ní báyìí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti gba àdúgbò: wọ́n ní ọmọ Ìlọrin yìí ti tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn. Ní mọ́ṣáláṣí, bó bá kí ènìyàn, onítọ̀hún á kọ́kọ́ fa imú sókè kó tó jẹ́ ẹ. Gbádégẹṣin sì ti ń gbèrò láti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé etígbọ̀ọ́ Dáúdà. Ó ní bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òun, gbogbo ayé á mọ ohun tó túmọ̀ sí, òun kò sì ní wá síbi ìgbéyàwó. Tiwalọlá tí Dáúdà gbé rìn lórí èjìká láti ìgbà ọmọ ọwọ́ ti tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó ní bí Bùrọ̀dá Dáúdà kò bá wá, kí ọkọ máa bá tirẹ̀ lọ sí Zonkwa.

Alhaja dìde. Ó ní kí wọ́n fún òun di Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ra kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo.

*

Jonah ló kọ́kọ́ lọ bá, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, tó fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ kó ọtí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó pọn ọ́n. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Jonah lo àádọ́ta.

Jonah ní táyà ló jò. Alhaja yí ọkọ̀ náà po, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì.

“Jonah, ọmọ mi. Aláǹtakùn ti bímọ sára táyà àfipamọ́ rẹ. Àbí òun ló bá ọ pààrọ̀ ẹ̀?”

Jonah wo ojú ọ̀run, kò rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Ló bá jẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ ìyàwó kan wà tí òun fẹ́ kó rí òun bí ènìyàn, òun bá yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó kángun sí òpópónà Gbádégẹṣin, òun gẹ irun. Alhaja ní kí ló máa jẹ́rìí sí i. Jonah mú fóònù jáde, fọ́tò mẹ́tàdínlógún ló ya ara rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, ojú dídì. Alhaja kò wo irun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wò, níbi tí kẹ́ẹ̀gì méjìlá tò sí nínú ọkọ̀, funfun tí oòrùn ń tàn gbà kọjá, tí ọtí sì kún dé ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó da kúlíkúlí sẹ́nu. Ọtí kún nílé ẹni tó pọn ọ́n. Ó kún lẹ́nu òpópónà Gbádégẹṣin. A jẹ́ pé inú ilé ni ó ti dín.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ọ̀pá tí ó fi ń wá ejò ti ń tọ́ka sílé ìyá rẹ̀.

*

Ṣọ́ọ̀bù epo Dáúdà wà nínú ọjà Sabon Tasha, kẹ́ẹ̀gì tò síbẹ̀ bí ọmọ ilé kéú. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tìtìjútìtìjú, ó sì ń tajà lọ láìgbójú sókè. Alhaja jókòó lórí àpótí. Ó lo bí wákàtí kan níbẹ̀. Ó ń wò ó. Oníbàárà kan fẹ́ gbọn kẹ́ẹ̀gì wò kó tó rà á. Dáúdà rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má mì ín. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn, epo ń ṣàn jáde ní mímọ́, bó sì ti kù díẹ̀, ó gbé e dúró, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbà tí oníbàárà lọ tán ni Dáúdà sọ̀rọ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà rò pé mo mu ún ni?”

“Mi ò tíì ro nǹkan kan. Ọlọ́pàá kì í ní àbúrò títí iṣẹ́ á fi parí. Ṣé o da ọtí sílẹ̀?”

“Rárá o.”

“Ṣé o fún ẹnikẹ́ni?”

“Rárá. Náílọ̀nù ni mo fi wé ọwọ́ méjèèjì kí ó má baà kàn mí. Bí ó ti ń hó yẹn, mi ò gbé ojú mi sún mọ́ ọn. Mo tọ́jú ọtí yẹn bí mo ṣe ń tọ́jú epo mi, Àǹtí. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ mí.”

Alhaja mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ ọ ní Fátíhà. Ṣùgbọ́n ó ti mú alájọ tó sunkún, ó ti mú lèmọ́mù tó búra, kò sì fẹ́ kí ìfẹ́ bò ó lójú. Ó dìde, ó ní kí Dáúdà kú ọjà. Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e kúrò níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣe ìṣirò. Méjìdínláàádọ́ta. Gbogbo wọn ń pè é ní kẹ́ẹ̀gì méjì. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì méjì, àádọ́ta lítà ni. Olè tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì kì í rántí dá lítà méjì padà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Kí ló wà lẹ́yìn méjìdínláàádọ́ta? Ó pín in sí méjìlá. Mẹ́rin. Mẹ́rin-mẹ́rin, láìkù, láìṣẹ́kù, nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ lórí kúlíkúlí. Ọ̀mùtí wo ló ń fi òṣùwọ̀n mutí?

Ó fọwọ́ kan èjìká ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, ó ní kó yí padà sẹ́yìn rélùwéè. Ẹni tó bá ń wá òkú ọtí, kó lọ wo pósí rẹ̀.

*

Happiness ló pọn ọtí náà, obìnrin ẹ̀yà Kàjé kan tó sanra tó sì lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín. Èdè Hausa ni òun àti Alhaja ń sọ, ó kí i kú àbọ̀ ní “Hajiya, sannu da zuwa” láìfi ọkàn sí i. Alhaja dúró sẹ́nu géètì, ó fi etí híjáàbù bo imú, nítorí agbo ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta tó tóbi bí àga Gbádégẹṣin.

Kẹ́ẹ̀gì méjìlá náà wà níbẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti dojú wọn délẹ̀. Alhaja ní ọtí kò tó níbi ìdána. Happiness wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ Hausa mọ́. Ó ní kí Hajiya jọ̀ọ́, òun ní wàhálà tòun. Ẹnì kan ti fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ òun ní májèlé.

“Májèlé báwo?”

“Láti ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ti sùn, wọn ò jí di àárọ̀ Ajé. Èyí àgbà ń hanrun bí ọkọ mi. Nígbà tó jí, ó gbá orí mọ́ ògiri, ó tún sùn.”

Alhaja rọra bọ́ etí híjáàbù kúrò nímú.

“Kí ni wọ́n jẹ?”

“Kò ju omi tí mo fi fọ kẹ́ẹ̀gì yín lọ. Èérí ọkà ni wọ́n máa ń jẹ níbí, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tiyín, haba, ó wúwo. Gbogbo wọn ni ọtí ṣẹ́kù sí nísàlẹ̀. Mo ní àwọn Yorùbá yìí ra ọtí kọjá agbára wọn, wọn ò lè mu ún tán. Kí n tó dà á nù, mo bù ú fún wọn.”

“Báwo ló ṣe pọ̀ tó nínú ọ̀kan?”

Happiness fi ọwọ́ wọn ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan láti ìdí, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ àti ìka mẹ́rin. Alhaja kò nílò Ọládiméjì láti ṣírò ìyẹn. Ó fọwọ́ ti géètì, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, kò rí olè tó ń hanrun bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló bi Happiness ní ìbéèrè kan tó kù: bí wọ́n bá fẹ́ bu búrúkútù, kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe sí kẹ́ẹ̀gì? Happiness wò ó bí ẹni tó bi í pé ọwọ́ wo la fi ń jẹun.

“Mì í, Hajiya. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn.”

“Ẹnì kan wà,” ni Alhaja wí.

*

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ Gbádégẹṣin: tọkọtaya onílé, Ọládiméjì pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Jonah pẹ̀lú irun rẹ̀, Happiness pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ọtí tuntun kan tó ti wà ní ìdúró láti àárọ̀. Dáúdà wọlé gbẹ̀yìn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Tiwalọlá ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ díẹ̀ kó lè gbọ́.

Alhaja gbé náílọ̀nù méjì lé Dáúdà lọ́wọ́. Ó ní kó da kẹ́ẹ̀gì yìí sínú ọpọ́n gẹ́lẹ́ bó ti dà á lọ́jọ́ ìdána, kó má fi nǹkan kan kún un.

Dáúdà wé ọwọ́. Ó rọra tẹ kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọtí ṣàn jáde, ó rọ̀ pọ́jọ́pọ́jọ́, ó mọ́ bí omi tí wọ́n fi ṣan ọkà. Happiness bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara lórí àga, Alhaja fi ojú mú un mọ́lẹ̀. Bó ti kù díẹ̀, Dáúdà gbé kẹ́ẹ̀gì dúró, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ó tán,” ni ó wí.

“Kí ló wà nísàlẹ̀ yẹn?”

“Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, Àǹtí. Ìdọ̀tí. Ẹni tó bá mi kẹ́ẹ̀gì kó lè ta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ epo, oníjìbìtì ni. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta epo, mi ò mi kẹ́ẹ̀gì fún oníbàárà rí. Ṣé àna la wá máa fi ìdọ̀tí fún?”

Alhaja mú kẹ́ẹ̀gì náà, ó mì í jìgìjìgì, ó sì da èyí tó kù sínú igbá. Igbá kan kún, ó ki bí ògì. Èkejì kún. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin.

“Ọládiméjì, mẹ́rin lọ́nà méjìlá?”

“Méjìdínláàádọ́ta,” ni tíṣà wí, ó sì ká ìwé rẹ̀.

Happiness kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní ohun tí Malam ń pè ní ìdọ̀tí yẹn ni ọtí gan-an, òun ni oúnjẹ inú rẹ̀. Èyí tó mọ́ tó dà fún àwọn àna, omi ojú rẹ̀ lásán ni. Ènìyàn á mu igbá mẹ́ta kò ní mọ̀ pé òun mu nǹkan kan. Ìdí tí ìlà ògiri fi yára pọ̀ nìyẹn. Jonah ní òun wá mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n bàbá òun fi ń ráhùn dé Zonkwa pé búrúkútù Yorùbá dà bí omi ìfọwọ́.

“Àwọn tó mu ọtí yín ni ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta,” ni Alhaja wí. “Wọ́n ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn, orí ṣì ń fọ́ wọn. Dáúdà kò mu, kò dà á nù, kò fún ẹnì kan. Òótọ́ inú rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ó fi òfin epo ṣọ́ ọtí.”

Gbádégẹṣin dìde láti orí àga ọwọ́ rẹ̀, ó lọ bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí láti àpò, ó sì fi lé e lọ́wọ́ lórí náílọ̀nù. Ilẹ̀kùn Tiwalọlá ṣí tán pátápátá.

Ó wá ku kẹ́ẹ̀gì mélòó tí wọn yóò rà. Gbádégẹṣin ní mẹ́rìndínlógún, ẹ̀rù igbá ìdojúdé ṣì ń bà á. Ọládiméjì bi Happiness iye tí ènìyàn lè mu bó bá mì dáadáa. Happiness ní méjì-méjì, ó ti yó, kò ní lè jẹ ìrẹsì mọ́. Ọládiméjì ní igba lítà nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ, kò gbọ́dọ̀ lé. Alhaja run kúlíkúlí díẹ̀.

“Mẹ́wàá,” ni ó wí. “Mẹ́jọ fún ọ̀fun wọn, ọ̀kan fún àsọdùn ọ̀fun wọn. Ọ̀kan fún igbá tó dojú délẹ̀.”

*

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá kọjá lẹ́yìn yàrá ọtí á gbọ́ jìgìjìgì, jìgìjìgì, bí ẹni tó ń gbọn ẹní ìyá àgbà. Dáúdà ni. Ó fi náílọ̀nù wé ọwọ́, ó fi gèlè Maimunah bo imú, ó ń mi kẹ́ẹ̀gì bí ẹni tí wọ́n gbé ìdíje kalẹ̀ fún. Oòrùn yẹ̀ lórí, ọtí kò tán. Oòrùn fẹ́ wọ̀, kẹ́ẹ̀gì kẹsàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Àwọn àna sọ pé àwọn ti yó.

Àgbà tó ṣáájú wọn mu igbá méjì, kò bèèrè ẹ̀kẹta. Ó nu ẹnu, ó gbé igbá náà kalẹ̀ lórí tábìlì ní ojú sókè, ó sì ní kí wọ́n pe Malam tó ń mi kẹ́ẹ̀gì wá kí òun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Dáúdà jáde pẹ̀lú òógùn. Àgbà náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lórí náílọ̀nù, ó ní ọmọ tí irú ẹni báyìí gbé rìn kò ní ṣìnà nílé àwọn. Kẹ́ẹ̀gì kẹwàá, Dáúdà fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀ fún un. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó padà, ó tún mì í lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kí i ní mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó fa imú.

Jonah ló rò ó fún mi, lọ́jọ́ tó fi ọkọ̀ rẹ̀ kó iṣu mi láti Kachia wá sí Kàdúná. Ó fi fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún hàn mí pẹ̀lú, mo sì ka kẹ́ẹ̀gì ẹ̀yìn rẹ̀: méjìlá ni. Ọ̀rẹ́ ìyàwó tó tìtorí rẹ̀ gẹ irun, ó ti di ìyàwó rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kí i fún mi.